Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Ọṣẹ Dúdú àti Òrí fún Ìwẹ̀ Ọmọ Jòjòló

Níbi tí wọ́n bá ti ń wẹ ọmọ ní Ilọrin tàbí nílẹ̀ Ìgbómìnà, ọṣẹ dúdú àti òrí kì í jìnnà sí bàsíà omi. Méjèèjì ṣeé ṣe nílé. Òrí ò le. Ọṣẹ ló fẹ́ ojú àti sùúrù.

Eérú àti epo ló ń di ọṣẹ. Wọ́n á sá èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà títí á fi gbẹ, wọ́n á jó o, wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú ajere, wọ́n á sì máa da omi lé e díẹ̀díẹ̀. Omi tó ń kán sísàlẹ̀ máa ń pọ́n bíi tíì, ó sì máa ń jẹ ara, nítorí èròjà inú eérú tí wọ́n ń pè ní potassium ló kó jáde. Bí wọ́n bá sè é pọ̀ mọ́ àdín tàbí òrí, tí wọ́n ń rò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi eérú á bá epo ṣiṣẹ́ títí méjèèjì á fi di ọṣẹ. Potassium yìí náà ló ń jẹ́ kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Sódà ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ líle.

Ewu tó wà níbẹ̀ fún ọmọ ni pé agbára omi eérú kì í dọ́gba: ti òní lè le ju ti àná lọ. Bó bá pọ̀ ju epo lọ, èyí tó ṣẹ́ kù á wà nínú ọṣẹ, á sì máa ta ọmọ lára. Ìdí nìyí tí epo fi gbọ́dọ̀ lé díẹ̀ nínú ọṣẹ ọmọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á fi bíńtín kan ahọ́n nígbà tó bá tutù. Bó bá ta á, ìkòkò á padà sórí iná, àdín á sì wọ inú rẹ̀ sí i. Bébà tí wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tàbí bó ṣe jọ omi eérú tó, sàn ju ahọ́n lọ. Kódà, pH ọṣẹ tó jinná dáadáa ṣì máa ń wà ní nǹkan bíi 9 sí 10, bẹ́ẹ̀ awọ ọmọ tó ti lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láyé kò ju nǹkan bíi 5 lọ. Nítorí náà, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nìkan ló yẹ ọmọ tuntun lọ́pọ̀ ìgbà; abíyá àti ìdí ni kí wọ́n fi ọṣẹ díẹ̀ kàn, kí wọ́n sì fi kànìnkànìn sílẹ̀.

Àwọn àgbà gbà pé bí wọn ò bá ha nǹkan funfun ara ọmọ tuntun dànù, ọmọ náà á máa rùn tó bá dàgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ààbò awọ rẹ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ dúró ó kéré tán wákàtí 24.

Ní ti òrí, Kaiama àti Baruten ni púpọ̀ nínú èyí tó ń wọ ọjà Ilọrin ti ń wá. Èso igi emi ni wọ́n ń ṣà lásìkò òjò. Wọ́n á se é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan inú rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá funfun á fi léfòó. Ọ̀rá yẹn ni wọ́n ń sè títí omi á fi gbẹ nínú rẹ̀. Bí omi bá kù, òrí á tètè bàjẹ́. Nílé, kí wọ́n yọ́ ọ lórí omi gbígbóná, kí wọ́n fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Lásìkò ọyẹ́ tó máa ń le, òróró àgbọn díẹ̀ lè mú kó rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí ara ọmọ ṣì tutù lẹ́yìn ìwẹ̀ ni kí wọ́n fi pa á, kí omi má bàa gbẹ kúrò lára rẹ̀. Kí wọ́n má fi sí imú ọmọ, torí ó lè bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Lọ́fíńdà àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò níṣẹ́ nínú èyíkéyìí. Kàfúrà ló burú jù, ì báà jẹ́ nínú òrí, ì báà jẹ́ láàárín aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ tí G6PD wọn, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa, kàfúrà sì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, débi pé ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ lè kọlu ọpọlọ wọn. Bí ojú ọmọ bá ti ń pọ́n bí èso ìyeyè, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má dúró de àgbo.