Bí wọ́n ṣe ń ṣírò GDP, àti ìdí tí ti Nàìjíríà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kan

Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2014, Nàìjíríà gba ipò kìíní lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà nínú ọ̀rọ̀ ajé tó tóbi jù ní Áfíríkà. Kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ tuntun kankan dìde lọ́jọ́ náà, epo rọ̀bì ò sì ṣàdédé gbówó lórí. NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣirò, ló tún ìṣirò ṣe. GDP ọdún 2013, tí ìṣirò àtijọ́ fi sí nǹkan bíi tírílíọ̀nù 42 náírà, di tírílíọ̀nù 80, ìyẹn nǹkan bíi bílíọ̀nù 510 dọ́là.

GDP ni iye owó gbogbo ọjà àti iṣẹ́ tí wọ́n pèsè láàárín ibodè orílẹ̀-èdè kan láàárín oṣù mẹ́ta tàbí ọdún kan. Ọ̀rọ̀ ibodè yẹn ló ń ya ohun tí wọ́n ń kà sọ́tọ̀. Epo tí ilé iṣẹ́ òyìnbó ń wà nínú Niger Delta wà nínú GDP Nàìjíríà, bí èrè ibẹ̀ tilẹ̀ gba òkè òkun lọ. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù kò sí níbẹ̀, torí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ tó mú owó náà wá ti wáyé. Ìgbà tí ìyá bá fi gba bíríkìlà ni ti Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn rò pé gbogbo títà ni wọ́n ń rò pọ̀. Ká ní àgbẹ̀ ta ẹ̀gẹ́ ní ₦20,000 fún àwọn tó ń ṣe gààrí. Wọ́n bó o, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n yan án, wọ́n sì ta gààrí ibẹ̀ ní ₦35,000 fún alájàpá, tí òun náà tà á ní ₦45,000 ní ọjà Bódìjà. (Ká gbàgbé owó dísù àti ti ọkọ̀ ná.) Bí a bá ro títà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ₦100,000 ni, ṣùgbọ́n kò sí gààrí ₦100,000 níbì kankan, ẹ̀gẹ́ kan náà la kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí oníkálukú fi kún un ni wọ́n ń kà: ₦20,000 ti àgbẹ̀, ₦15,000 ti àwọn tó yan án, ₦10,000 ti alájàpá. Ó jẹ́ ₦45,000.

Èèyàn lè gba ibòmíì débẹ̀. Ó lè wo owó tí ẹni tó rà á kẹ́yìn san, ó sì lè wo ohun tó kan oníkálukú gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, èrè àti owó orí. Fún odindi orílẹ̀-èdè, ọ̀nà ti ìnáwó ń ro ohun tí ará ilé rà, ohun tí ìjọba ná, ilé àti ẹ̀rọ tuntun, àti ọjà tó lọ sókè òkun, kí wọ́n tó yọ ọjà tó wọlé kúrò: ẹni tó ra ìrẹsì Tháílándì náwó lóòótọ́, àmọ́ ẹnì kankan ò gbìn ín níbí. Ó yẹ kí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Wọn kì í sábà bára mu pátápátá.

Iṣu tí àgbẹ̀ gbìn tó sì jẹ fúnra rẹ̀ wà nínú GDP. Iye tí ì bá tà lọ́jà ni wọ́n ń fi díwọ̀n rẹ̀. Ìyàwó tó fi iṣu náà gúnyán fún ọkọ àtọmọ kò sí níbẹ̀ o, àfi tó bá ṣí bùkà. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé ó ṣòro láti díye lé. Bẹ́ẹ̀ iṣu inú abà náà kò rọrùn láti díye lé.

Bí gààrí yẹn bá di ₦90,000 lọ́dún tó tẹ̀ lé e láìfi kóńgò kan kún un, iye ti di ìlọ́po méjì, ọ̀wọ́n gógó lásán ni. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi owó ọjà ọdún kan tí wọ́n yàn díwọ̀n ọdún yòókù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí ìdàgbàsókè tòótọ́. Àwòrán ọdún ìpìlẹ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, pàápàá ti kátàkárà tí kò ní ìwé. Ọdún 1990 ni Nàìjíríà ṣì ń lò títí di 2014. Ní 1990, fóònù alágbèéká tí 2001 gbé dé kò tíì sí, Nollywood náà kò sì tíì rí bó ṣe rí lónìí. Nígbà tí NBS bọ́ sí ọdún 2010, ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀ lé ní ìdá mẹ́jọ, fíìmù àti orin sì wọlé. Gánà ti ṣe irú rẹ̀ ní 2010, tiwọn fi nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.

Ní 2025, NBS bọ́ sí ọdún ìpìlẹ̀ 2019. GDP ọdún 2024 di tírílíọ̀nù 372.8 náírà, ó ju ìlọ́po mẹ́rin ti 2013 lọ. Ní dọ́là, nǹkan bíi bílíọ̀nù 243 péré ni, kò tó ìdajì ti 2013, torí náírà tí kò tó 160 sí dọ́là kan nígbà yẹn ti kọjá 1,500. Gúúsù Áfíríkà, Íjíbítì àti Àlgéríà ló ṣáájú Nàìjíríà lọ́dún 2024.