Ta Ló Ní Kí Ẹ Máa Ka Ọkọ̀ Tó Rì?

Kò sí ìgbà tí a jókòó ti eré ogun ojú òkun, irú èyí tí à ń ta lórí tábìlì, tí ẹnì kan kì í bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: "Mo rì ọkọ̀ rẹ mẹ́fà, ìwọ rì méjì péré, mo ti nà ọ́." Ó ti sú mi. Pé ọkọ̀ rì, a ò jiyàn, ojú gbogbo wa ló ṣe. Ojú ewé wo nínú ìwé òfin ló wá sọ pé òkú ọkọ̀ ń mú máàkì wá?

Ẹ mú Victory in the Pacific, tí ilé iṣẹ́ Avalon Hill gbé jáde ní 1977. Wọ́n pín òkun sí ẹkùn-ẹkùn, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní iye máàkì tirẹ̀. Ẹni tí ẹkùn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí abala kọ̀ọ̀kan ló gba máàkì ibẹ̀. Abala mẹ́jọ ni eré náà ní. Ọkọ̀ tó rì ò mú kọ́bọ̀ wá.

Ibi tó ń rú àwọn oníṣirò yìí lójú gan-an nìyí. Ọkọ̀ lè jáde bí ẹ̀ṣọ́, ó sì lè jáde bí akọlù. Ẹ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ ń lọ, láìmọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a. Akọlù á dúró dìgbà tó bá rí ibi tí ẹ̀ṣọ́ ọ̀tá wà, kó tó yọ sí i. Ó dùn, àbí? Ṣùgbọ́n akọlù kì í gba ẹkùn bí ẹ̀ṣọ́ ṣe lè gbà á. Ó lè pa gbogbo ohun tó bá níbẹ̀, kó fọ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, kó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Mo ti ṣàlàyé èyí títí ẹnu fi bó. Wọ́n á mi orí, wọ́n á tún kó gbogbo ọkọ̀ ṣe akọlù.

Ogun gidi náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ní Òkun Coral, oṣù karùn-ún 1942, Amẹ́ríkà pàdánù Lexington, ọkọ̀ ńlá tí ń gbé ọkọ̀ òfurufú. Shoho, irú ọkọ̀ kan náà tí Japan pàdánù, kò tó o. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun Japan tó ń lọ gba Port Moresby, ìlú èbúté ní New Guinea, ló ṣẹ́rí padà. Kí àwọn oníṣirò wá sọ ẹni tó nà ẹnì kejì.

Mo gbà, àwọn eré kan wà tó ń fún ọkọ̀ tó rì ní máàkì, àwọn mìíràn sì da méjèèjì pọ̀. Nítorí náà n kò ní búra lórí eré tí ẹ ní nílé. Ṣùgbọ́n bó bá ku abala kan, tí alátakò yín fi ọkọ̀ ńlá kan sílẹ̀ lásán kí ẹ máa lé e, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó kó àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sí.