Kí ohùn ìyá ìlù má baà kú sínú kọ̀ǹpútà

Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, òru orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní Kétu ní Benin, kì í ṣe ariwo ló ń dá èèyàn dúró lójú agbo. Olórin a rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn a na ọrùn. Kó tó ṣẹ́jú, ègbè ti bú jáde, omele ti gbà á, ìyá ìlù ti là á bí àrá. Àlàfo tó wà láàárín jẹ́jẹ́ yẹn àti bíbú jáde yìí ni ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ lójú méjèèjì.

Nínú kọ̀ǹpútà, òdo ni òrùlé ohùn, ohun gbogbo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohùn tó bá fẹ́ kọjá òdo, ẹ̀rọ a gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, a sì máa dún bíi sípíkà tó ti ya. Tó bá ti gé nígbà ìgbàsílẹ̀, kò sí oògùn tó máa wò ó sàn tán. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí òkè ohùn dúró sí nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì -12 (dẹ́síbẹ̀lì ni a fi ń wọn ohùn). Bíìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ ìwọ̀n ohùn sílẹ̀: bíìtì 24 ní àyè dẹ́síbẹ̀lì 144 lórí ìwé, nígbà tí bíìtì 16 ti sídíì ní 96, nítorí náà kò sídìí láti máa bẹ̀rù pé ohùn kéré. Wọ́n sábà máa ń ní kí onílù lù kí wọ́n fi ṣètò màíkì. Àmọ́ ìlù ìdánwò kọ́ ni onílù máa lù tí ara bá yá a tán. Kí a tún fi àyè dẹ́síbẹ̀lì 6 sílẹ̀ lókè dè é.

Tó bá kan pípo orin pọ̀, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni fífa nǹkan sókè. A ò gbọ́ olórin dáadáa, a fà á sókè. Ìlù wá kéré, a fa ìlù náà. Kí wákàtí kan tó pé, gbogbo wọn ti ń forí sọ òrùlé. Ohun tó ń bo olórin mọ́lẹ̀ ló yẹ kí a rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín 1,000 sí 4,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń dá ṣáká. Bí a bá yọ dẹ́síbẹ̀lì 2 tàbí 3 kúrò lára ìlù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ olórin á yọ láìfọwọ́ kàn án.

Compressor ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, òun náà ló sì wúlò jù. Ó dà bí ẹni tó ń fa ohùn wálẹ̀ nígbàkígbà tó bá kọjá ààlà. Tí a bá yí i sí 3 sí 1, ohùn tó fi dẹ́síbẹ̀lì 9 kọjá ààlà, 3 péré ni yóò fi kọjá. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bó ṣe tètè ń fà á. Tó bá gbá a mú ní mílísẹ́kọ̀ńdì 1 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), pàá àkọ́kọ́ tó ń jáde lára awọ á pa rẹ́, hùù inú igi nìkan ló máa kù. Tó bá dúró tó 20 tàbí 30, pàá á ti kọjá. Ó tún yẹ kó tètè tú ọwọ́: omele tó ń dún ní ìgbà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mílísẹ́kọ̀ńdì 125 ló wà láàárín ìró kan sí èkejì. Tí compressor kò bá tíì tú ọwọ́ nígbà náà, ìró tó ń bọ̀ á bá a lórí rẹ̀.

Ìró tí onílù fọwọ́ pa lórí awọ a máa rọlẹ̀ ju èyí tó jẹ́ kó dún gbalaja lọ. Tí ẹ̀rọ bá sọ méjèèjì di ọgbọọgba, ẹni tó gbọ́ èdè ìlù á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń ṣe kólòlò.

Àwọn kan á ní orin gbọ́dọ̀ le, kó dún sókè gan-an, kó lè tà. Ní Spotify, bí orin bá wà ní -8 LUFS (òṣùwọ̀n bí orin ṣe le tó létí), wọ́n á fà á wálẹ̀ sí -14 bíi ti gbogbo orin yòókù. A ti fún un pa lásán nìyẹn. Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń fà á wálẹ̀ lórí sípíkà ọjà tàbí ti zémìjàn (ọ̀kadà), orin tó le níbẹ̀ á ṣì máa borí. Kí a ṣe ẹ̀dà kejì fún wọn, kí ti àkọ́kọ́ má bàjẹ́. Tí a bá sì fẹ́ fi ẹ̀dà méjì wéra, kí a kọ́kọ́ mú wọn dọ́gba, torí etí a máa rò pé èyí tó le ló dára.

Fáìlì ohùn WAV bíìtì 24 ni ká tọ́jú. Tí a bá fẹ́ sọ ọ́ di MP3, fáìlì tó fúyẹ́ jù ú lọ, kí òkè rẹ̀ má kọjá dẹ́síbẹ̀lì -1: ìyípadà náà lè ti orí ohùn kan kọjá òdo, kí òrùlé tún gé e.