Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ eyín: èwo ni kí láàbù kékeré kọ́kọ́ rà?

Milling machine inú láàbù eyín ni ẹ̀rọ tó máa ń gbẹ́ eyín àtọwọ́dá jáde lára ohun líle, gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá ṣe yà á fún un. Bí àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ṣe máa ń mú lára igbá kúrò títí àwòrán yóò fi hàn, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀. Kì í fi nǹkan kún nǹkan. Yíyọ ló ń yọ, èyí tó bá ṣẹ́kù ni eyín.

Kó tó dé, ọwọ́ la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀: a ó fi ìda mọ eyín sórí àwòṣe POP, a ó yọ́ irin, a ó dà á, a ó sì máa fi ayùn rin ín títí yóò fi wọlé. Ní ọdún 1985, ní Yunifásítì Zurich ní Switzerland, Werner Mörmann àti Marco Brandestini fi ẹ̀rọ gbẹ́ ohun tí wọ́n fi dí ihò eyín fún aláìsàn lórí ìjókòó kan ṣoṣo. Lónìí, dókítà tó ní sikánà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ẹnu sínú kọ̀ǹpútà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè fi fáìlì ẹnu aláìsàn ránṣẹ́ sí láàbù kí aláìsàn náà tó dìde lórí àga.

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá láàbù sílẹ̀ máa ń bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ wo ló dára jù?" Èmi náà á bi wọ́n pé, "Irú iṣẹ́ wo ló ń wọlé fún ẹ jù?" Ohun tí ẹ fẹ́ máa gbẹ́ ló máa sọ bóyá ẹ̀rọ aláìlómi lẹ nílò tàbí ẹ̀rọ olómi. Ìyẹn ni kókó. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò tíì kàn rárá.

Zirconia, ohun líle funfun tí a fi ń ṣe eyín, ló gba iwájú báyìí. Dísìkì funfun róbótó ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 98, sísanra rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 10 sí 25. Kò tíì jinná nígbà tí ẹ bá rà á. Ó ṣì rọ̀ débi pé irin kékeré lè gbẹ́ ẹ láìsí omi. Lẹ́yìn gbígbẹ́ ni a ó gbé e wọ ààrò iná mànàmáná tó ń gbóná dé nǹkan bí 1450 sí 1550 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ibẹ̀ ló ti máa ń le, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń súnkì: nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò dín. Nítorí náà, sọ́fítíwià máa ń mú kí eyín tóbi ju bó ṣe yẹ lọ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Bí dísìkì kọ̀ọ̀kan ṣe ń súnkì kò dọ́gba, nọ́ńbà tirẹ̀ sì máa ń wà lára rẹ̀ tàbí lára páálí rẹ̀. Ẹni tó bá ti dísìkì tuntun bọnú ẹ̀rọ tí kò yí nọ́ńbà yìí padà, kíráwùn rẹ̀, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí a fi ń bo eyín gidi, lè fún jù tàbí kó máa mì lórí eyín, yóò sì rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ẹ̀rọ aláìlómi yìí kan náà ló ń gbẹ́ PMMA, ìyẹn ike líle tí a fi ń ṣe eyín onígbà díẹ̀. Ó sì ń gbẹ́ ìda, tí ẹ lè fi da irin bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n dà tẹ́lẹ̀.

Lithium disilicate, ohun mìíràn tí a fi ń ṣe eyín, yàtọ̀. Àwọn dókítà fẹ́ràn rẹ̀ fún eyín iwájú torí pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àmọ́ gíláàsì wà nínú rẹ̀. Lílọ̀ la máa ń lọ̀ ọ́, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi dáyámọ́ǹdì bò, omi sì gbọ́dọ̀ máa dà sí i láìdúró kó má bàa gbóná kó sì sán. Titanium, tó jẹ́ irin, náà nílò omi, ó tún nílò ẹ̀rọ tó lágbára gan-an. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ àkọ́kọ́.

Àwọn oníṣòwò yóò fi ẹ̀rọ tó ń ṣe méjèèjì hàn yín, pẹ̀lú omi àti láìsí omi. Ó wuni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbẹ́ zirconia tán tí ẹ sì fẹ́ tan omi, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ inú ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eruku á di ẹrẹ̀ nínú páìpù. Bí ẹ bá tún fẹ́ padà sí zirconia, gbogbo inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Láàbù ẹni méjì tàbí mẹ́ta kò ní àkókò yẹn. Ẹ ra aláìlómi. Bí iṣẹ́ lithium disilicate bá dé, ẹ gbẹ́ ìda rẹ̀, kí ẹ lo ààrò ìtẹ̀, ìyẹn ààrò tó ń yọ́ ohun náà tó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú àyè tí ìda fi sílẹ̀, bí ẹ bá ní in, tàbí kí ẹ fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù tó ní ẹ̀rọ olómi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ axis, ìyẹn iye ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà rìn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni sọ́tùn-ún sósì, síwájú sẹ́yìn, sókè sísàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin, dísìkì á lè yí po. Ẹ̀karùn-ún, á tún lè dagun sí ẹ̀gbẹ́. Fún kíráwùn ẹyọ kan lórí eyín ẹ̀yìn, mẹ́rin tó. Ṣùgbọ́n bíríìjì, ìyẹn àwọn eyín àtọwọ́dá tó so pọ̀ tí a fi ń dí àlàfo, bí àwọn eyín tó gbé e dúró bá dagun síra wọn, ó ní kọ̀rọ̀ tí irin ẹ̀rọ oní-axis mẹ́rin kò lè dé. Bí owó bá gbé márùn-ún, mo fara mọ́ márùn-ún.

Ohun tó ń dùn mí jù ni láàbù tó ti ra ẹ̀rọ tán kó tó rántí ohun tó yí ẹ̀rọ ká. Ààrò zirconia nìkan jẹ́ owó ńlá. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló fi ń gbóná tó sì fi ń tutù, bí iná bá sì lọ láàárín rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ wà nínú ewu. Inverter kékeré inú ilé kò lè gbé e. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò ní san owó ẹ̀rọ kankan kí n tó mọ ohun tí yóò gbé ààrò náà láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ eyín fúnra rẹ̀ kì í gba iná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó nílò UPS, torí kíráwùn kan lè gba ìṣẹ́jú 15 sí 30, bí iná bá sì lọ lójijì, irin tó ń gbẹ́ ẹ lè ṣẹ́ mọ́ inú dísìkì.

Ó tún nílò kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí kì í tu epo. Nígbà òjò, omi máa ń gbá jọ sínú táǹkì rẹ̀. Ẹ máa fa omi náà dà nù, kí ẹ sì fi ohun tó ń gbẹ afẹ́fẹ́ sí i, torí omi tó bá bá afẹ́fẹ́ wọ spindle, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí irin náà, yóò bà á jẹ́, spindle kì í sì í ṣe owó kékeré. Eruku zirconia kúnná gan-an. Ẹ má jẹ́ kó wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ iṣẹ́ yín: ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa eruku tó ní àsẹ́ HEPA, èyí tó ń mú eruku kíkúnná. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ ti fèrèsé yàrá náà.

Nípa sọ́fítíwià, ẹ̀rọ tó ń gba fáìlì STL, ìyẹn irú fáìlì tí wọ́n fi ń tọ́jú àwòrán eyín, láti ibikíbi, tó sì ń gba dísìkì ẹnikẹ́ni, ló bá wa mu. Bí ẹ̀rọ bá mọ dísìkì ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí dísìkì náà bá wọ́n lọ́jà ni iṣẹ́ yín dúró. Ẹ béèrè bóyá owó ọdọọdún wà lórí sọ́fítíwià náà, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bá àwọn dókítà yín sọ. Irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.6. Bí dókítà bá gé eyín tí etí rẹ̀ mú ju ìyẹn lọ, irin kò ní lè wọ kọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rọ á gbẹ́ kọjá ibẹ̀, kíráwùn á sì máa ṣò. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí etí eyín yí róbótó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú fáìlì bíríìjì kan láti láàbù tiyín, kí òǹtajà gbẹ́ ẹ níṣojú yín, kí ó sun ún nínú ààrò, kí ẹ sì fi sórí àwòṣe tiyín fúnra yín. Ẹ bi í ẹni tí yóò wá tún ẹ̀rọ náà tò lẹ́yìn tí mọ́tò bá gbé e láti Èkó dé Ògbómọ̀ṣọ́, torí ojú ọ̀nà yóò mì í, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè yẹ̀. Bí ẹni náà kò bá lè wá, ẹ béèrè bóyá ẹ̀yin fúnra yín lè tún ìwọ̀n náà ṣe, kí wọ́n sì kọ́ yín kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀.