Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, kì í ṣe “ààyè alábọ̀-ìṣísílẹ̀”

Àwọn tí ó túmọ̀ àwòrán ilé ẹ̀kọ́ tuntun kan fún àwa òbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) kọ “ààyè alábọ̀-ìṣísílẹ̀” sí ibi tí ó ní òrùlé àmọ́ tí kò ní ògiri níwájú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwé Faransé nìkan ni àwọn wọ̀nyí wò.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ kò fẹ́ gbọ́ ju préau, orúkọ tí Faransé ń pè é, lọ. Ẹlòmíràn ní kí a pè é ní àtíbàbà. Àtíbàbà kẹ̀? Ohun tí a ta fún ìnáwó ọjọ́ kan, tí a ó tú ní ọjọ́ kejì! Ara ilé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀: òun àti yàrá jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà, ó kọjú sí àgbàlá, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń gbàlejò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pàlọ́ fún ọmọdé. Àwọn tí ó sọ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di pálọ̀ lónìí kò parọ́, àmọ́ ilé ni ó yí padà, ọ̀rọ̀ kò ṣẹ̀.

Iṣẹ́ akẹtẹ̀ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣe fún ilé. Ẹ wo apẹja orí ọ̀sà tí ó dé akẹtẹ̀, kí ẹ tún wo ọlọ́kadà zémidjan tí ó dé àṣíborí: oòrùn kò pa orí èyíkéyìí nínú wọn, síbẹ̀ ọ̀kan ni òógùn bò, nítorí pé atẹ́gùn ń gba abẹ́ etí akẹtẹ̀ kọjá. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin bíi tiwa, òógùn kì í tètè gbẹ lára àfi bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà wọlé tààrà, tí a ń dá ihò sí ògiri méjèèjì tí ó kọjú síra kí atẹ́gùn etí òkun lè gba ìhín wọlé kí ó gba ọ̀hún jáde, tí a sì ń na etí òrùlé jáde dáadáa nítorí òjò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ilé ẹ̀kọ́ Gando, ilé ológiri amọ̀ tí ayàwòrán-ilé Francis Kéré kọ́ parí ní Burkina Faso ní 2001, bá mi jiyàn. Òrùlé tí ó gbé sókè kúrò lórí àjà yóò wúlò fún wa, àmọ́ ògiri amọ̀ tí ó nípọn ń fẹ́ òru tí ó tutù kí ó tó lè tú ooru ọ̀sán dànù, òru Àjàṣẹ́ kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀.

Ibi alórùlé tí kò ní ògiri, tí ó bá dá dúró láàárín ọgbà, tí kò fara ti yàrá kankan, mo gbà kí wọ́n máa pè é ní apatam. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fúnra wọn kò pè é ní nǹkan mìíràn.