Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ máa sọ sáyẹ́ǹsì lórí rédíò, ẹ má tíì fi láàbù sílẹ̀

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì máa ń bi mí jù ni pé ṣé èèyàn lè máa ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì fún ará ìlú lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kó sì rí jẹ níbẹ̀, àbí àwọn tí iṣẹ́ gidi bọ́ lọ́wọ́ wọn ló ń ṣe é. Físíìsì lèmi kọ́, lédè Yorùbá ni mo sì máa ń sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní iṣẹ́ kan tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá sọ máa dúró lé.

Ẹ wo Maggie Aderin-Pocock, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òfuurufú tó ń sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. London ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1968, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá ẹ̀, ó sì ń jẹ́ Ẹ̀bùnolúwa. Ilé ìwé 13 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lọ, ìwé kíkà sì nira fún un torí ó ní dyslexia, síbẹ̀ ọ̀dọ́langba lásán ni nígbà tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe awò tó fi ń wo ìràwọ̀. Ó gboyè físíìsì ní Imperial College, yunifásítì kan ní London, ó gba oyè dókítà níbẹ̀ ní 1994, ó lọ ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ pé mísáìlì ń bọ̀ àti èyí tí wọ́n fi ń wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ní 1999 ó padà sí Imperial, ó wà lára àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ palẹ̀ fún awò Gemini South tó wà lórí òkè ní Chile, awò tí dígí ẹ̀ fẹ̀ ju mítà 8 lọ. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sídìí iṣẹ́ sátẹ́láìtì. Ní 2014 ló wá di ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe The Sky at Night ní BBC, ètò tẹlifíṣọ̀n nípa ìràwọ̀ tó ti wà láti 1957. Ẹ ṣírò ẹ̀, ogún ọdún ló wà láàárín oyè dókítà yẹn àti ètò yẹn, kò sì panu mọ́ láàárín ìgbà yẹn o, ó ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíì, ó ń bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ ìràwọ̀.

Kí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ẹni tó bá dé iwájú máíkì? Ẹ sọ lórí rédíò pé a mọ nǹkan tó wà nínú oòrùn, ìyá kan á pè wọlé lójú ẹsẹ̀, á ní "ta ló débẹ̀ lọ wò ó?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹni tó kàn há ìwé sórí ò ní mọ ohun tó máa fọ̀. Èmi á ní mọ́mì, ṣé ẹ ti rí i rí tí omi ọbẹ̀ hó dà sórí iná gáàsì, tí iná tó ń jó búlúù kàn yí padà sí yẹ́lò? Sódíọ̀mù inú iyọ̀ ni. (Ẹ má lọ máa bu iyọ̀ síná o, ẹ dúró dìgbà tí ìkòkò bá hó fúnra ẹ̀.) Gbogbo èròjà ló ní àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ tó máa ń tàn tó bá gbóná, tí ìmọ́lẹ̀ tó gbóná jù ú lọ bá sì gba inú ẹ̀ kọjá, àwọ̀ yẹn gan-an ló máa gbé mì. Òjò máa ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn palẹ̀ tó fi ń di òṣùmàrè, àmọ́ tí ẹ̀rọ bá tú u fínnífínní ju ti òjò lọ, ẹ máa rí àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín, méjì nínú wọn sì wà gẹ́lẹ́ níbi yẹ́lò iyọ̀ yẹn. Sódíọ̀mù wà nínú oòrùn nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò débẹ̀. Lọ́dún 1868 ni wọ́n rí ìlà yẹ́lò míì nítòsí ẹ̀, tí kò bá èròjà kankan tí wọ́n mọ̀ láyé mu, wọ́n sọ ọ́ ní hílíọ̀mù, ó di 1895 kí William Ramsay, onímọ̀ kẹ́místírì, tó rí i nínú òkúta níbí.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo sọ yẹn, ó sì tó ètò kan. Àṣìṣe tó ń dùn mí jù lọ́dọ̀ àwa onísáyẹ́ǹsì ni ká kó kọ́ọ̀sì ọdún kan sínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èkejì ni kí onímọ̀ ìràwọ̀ máa dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru torí pé máíkì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní kí wọ́n lọ bá dókítà, ètò ò sì bàjẹ́ nítorí ẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lè máa yínmú o. Carl Sagan, ará Amẹ́ríkà tó tètè ṣàlàyé ìdí tí pílánẹ́ẹ̀tì Venus fi gbóná tó bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ní 1992 National Academy of Sciences, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onísáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà, ò gbà á wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì gbà pé òkìkí tẹlifíṣọ̀n ló fà á. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ yìí kan náà fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí iṣẹ́ tó ṣe fún ará ìlú. Mi ò rò pé ó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ò sá fún iṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe bíi ti Royal Institution, ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní London, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọ̀dọ́ ní 1825. Michael Faraday, àgbà onísáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́, ṣe é léraléra, Aderin-Pocock náà ṣe é ní 2025, ohun tí ojú ọmọ máa rí ni wọ́n sì máa ń gbé síwájú kí àlàyé tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ kà á fún ẹnì kan nílé tí ò ka sáyẹ́ǹsì, ẹ sàmì sí ibi tó ti dá yín dúró, ibẹ̀ lẹ máa tún kọ. Tẹ́ ẹ bá wá dé ilé iṣẹ́ rédíò, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ètò tó ń gba ìpè, torí nínú ìbéèrè àwọn tó bá pè lẹ ti máa rí ohun tẹ́ ẹ máa sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.