Ẹ Yé Bi Èèyàn Bóyá Fíìmù Yín Dùn

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ló ti gbé fíìmù kúkúrú wá sí yàrá iṣẹ́ tí mo ti ń gé fíìmù, tí mo sì ń tò ó pọ̀, ní Kàbà. Ará Mọ̀pà wà nínú wọn, ará Ìsánlú wà níbẹ̀, ará Ìyàrà náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó dùn?” Kí n tó lanu, wọ́n á ti fa àga tì mí, wọ́n á máa ṣàlàyé. “Ibí yìí, ọmọ náà ti mọ̀ pé kì í ṣe bàbá òun nìyẹn.” N kò rí i nínú fíìmù o. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó ní Ìbàdàn ńkọ́, ta ni yóò fa àga tì í?

N kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìtàn kíkọ tàbí bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú. Ẹni tó ti ya fíìmù tán ti mọ ìyẹn. Bí a ṣe ń gba òótọ́ lẹ́nu ẹni tó wò ó ni wọn kò mọ̀. Àwa èèyàn ilẹ̀ Okun, Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, lójú àánú. Ta ló máa wo ojú ọmọ aládùúgbò, kó ní iṣẹ́ rẹ̀ kò dùn? Nítorí náà, má bèèrè. Pe èèyàn márùn-ún tí kò gbọ́ ìtàn náà rí. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, kí o kẹ́yìn sí i, kí o máa wo ojú wọn. Mú bírò àti ìwé dání. Bí ẹnì kan bá yọ fóònù ní ìṣẹ́jú kẹrin, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí méjì bá jọ wo ara wọn, kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá parí, ohun kan ṣoṣo ni kí o sọ: “Ẹ bá mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn yìí.” Ibi tí ìtàn tí wọ́n sọ bá ti yà kúrò lára tìrẹ, ibẹ̀ ni fíìmù rẹ ti já.

Má bá wọn jiyàn. Bí wọ́n bá ní kí o yọ ìyá arúgbó inú rẹ̀ kúrò, ó ṣeé ṣe kí ìyá náà má jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dùn wọ́n níbẹ̀, ìwọ ni kí o wá a. Bí o bá sì tún un ṣe tán, àwọn mìíràn ni kí o pè. Àwọn ti àkọ́kọ́ ti mọ ìtàn, ojú wọn kò lè ṣe àjèjì sí i mọ́.

Iṣẹ́ àwọn àgbà ni èyí. Hubert Ogunde tó bẹ̀rẹ̀ eré ìtàgé ní Èkó ní 1944 kò nílò kó bi ẹnikẹ́ni. Èrò wà níwájú rẹ̀, ó ń gbọ́ ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí wọ́n ti dákẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1920 sí 1929, Harold Lloyd, òṣèré fíìmù apanilẹ́rìn-ín, máa ń gbé fíìmù tí kò tíì parí lọ sí sinimá, kí ó lè gbọ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn, lẹ́yìn náà yóò padà lọ tún un yà. Ọmọ ogún ọdún tó ya fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá ń sọ fún mi pé àwọn tó wò ó ni kò gbọ́n.

Bí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì (“Document”), má fi í ránṣẹ́ bíi fídíò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, WhatsApp yóò fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, ohun mìíràn ni ẹni ọ̀hún máa wò.

Ní báyìí, ohùn. Ọdún 18 ni mo ti ń gé fíìmù, etí mi ni mo fi ń jẹun. Nínú fíìmù mẹ́sàn-án yẹn, méje ni wọ́n ní “ó fà jù.” Kò fà. Àwọn èèyàn kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù ni, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete, kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n òǹwòran kì í mọ̀ pé etí òun ló ń bí òun nínú, yóò ní ìtàn ni kò dáa. Ẹ gbé dúróònù sókè orí àpáta, ẹ ya òkè dáadáa, máìkì wá wà lára kámẹ́rà tó jìnnà sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí máìkì bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ohùn náà ló kù tó máa dé ibẹ̀. Ariwo àyíká kò dín ní tirẹ̀. Ẹ mú máìkì sún mọ́ ẹnu, kò gbọdọ̀ ju ìnà apá kan lọ. Ẹ fi íyápíìsì sétí nígbà tí ẹ bá ń yà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá délé. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo mọ ohun tí mo máa fi ṣe. Ẹni tó bá sì ń fi fóònù yà á, kó mọ̀ pé iye àwòrán tí fóònù ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í sábà dúró sójú kan; ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń fi ètè sílẹ̀ bí fíìmù bá ṣe ń lọ. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe yín.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ayé yẹn nítorí ọmọkùnrin kan. Ó ya fíìmù ìṣẹ́jú 11 ní Bùnú, nípa ìyá ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Iye nílé, tó ń hun aṣọ lórí òfì, tó ń kọrin tí ẹlòmíràn kò mọ̀ mọ́ nínú ilé wọn. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ lọ nítorí iná. Ó gbé e sẹ́yìn ògiri, ó rò pé ìyẹn ti tó. Nígbà tó gbọ́ ariwo rẹ̀ nílé, ó fi orin gìtá bò ó mọ́lẹ̀. Ó pe àwọn èèyàn rẹ̀ wá wò ó. Gbogbo wọn ní àwòrán náà dára. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kò ju ọmọ ọdún méje lọ, ló béèrè pé, “Kí ni Iye ń wí?” Ó ní, “Orin ni, máa wò.”

Ìdíje tó fi ránṣẹ́ sí kò gbà á. Ó lọ bá wòlíì kan. Wòlíì ní ọwọ́ ìyá arúgbó yẹn wà nínú rẹ̀, kó má tẹ ilé rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó sì gba ₦40,000 lọ́wọ́ rẹ̀ fún òróró àti àbẹ́là. Ọmọkùnrin náà gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nínú oṣù kẹta, ìyá náà kú.

Ìgbà yẹn ló wá sọ́dọ̀ mi. Mo yọ gìtá kúrò. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ohùn ìyá àgbà náà wà gan-an ni ariwo ẹ́ńjìnnì náà wà, bí mo bá gé ọ̀kan, màá gé èkejì. Mo ní kó lọ pe ìyá rẹ̀ wá. Ìyá náà fi íyápíìsì sétí láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń wo ètè ìyá rẹ̀, ètè tirẹ̀ náà ń mì. Ìlà méjì ló rí gbà. Mo bi ọmọkùnrin náà bóyá kí n dá gìtá padà síbẹ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tòun ti ariwo jẹnẹrétọ̀.